Ìka Karùn-ún Ère Gíláàsì

Radim ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà nílùú Praha níbẹ̀? Àwa náà ń bẹ láàyè, a dúpẹ́. Olúwa yóò máa ṣọ́ ọwọ́ rẹ lẹ́nu iná. Olú hù nínú igbó lọ́dún yìí débi pé ìyá rẹ sá a sórí gbogbo àga, n kò ríbi jókòó mọ́.

Ère gíláàsì tí o ní ká bá ọ tọ́jú títí àwọn tó fẹ́ pàtẹ rẹ̀ yóò fi wá gbé e ní Ọjọ́bọ̀ ti dé láìfọ́. Ìyá rẹ ní òun ti fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ lórí fóònù, ṣùgbọ́n mo yọjú wò ó, àwòrán náà ṣì wà nínú fóònù, kò tíì kúrò níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ lẹ́tà.

Ère náà pa wá lẹ́rìn-ín. Etí eku, orí rìbìtì bíi ti ohun ìṣeré ọmọdé, ikùn tó kún fún sọ́séèjì, ọwọ́ kan nínú àpò, àti sílípáàsì tí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ yọ lójú rẹ̀. O kọ ọ́ sínú ìwé tó bá a wá pé àwọn ọlọ́lá tó ń jẹ ìlú run lo fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. Má tàn mí, ọmọ mi. Ọlọ́lá wo ló ń wọ sílípáàsì tó lu? Tèmi nìyẹn. Ìgbà tí mo wá ka ìka ọwọ́ òsì rẹ̀ tí mo bá mẹ́rin, omi bọ́ lójú mi, torí mẹ́rin náà ni tèmi. Zdena tó ń pín lẹ́tà ní kí n má da ara mi láàmú, pé gbogbo èèyàn inú katúùnù ló ń ní ìka mẹ́rin. Mo ní ṣé katúùnù ló bí Radim ni?

Ní ọjọ́ Ajé mo gbé e sínú ààrò kékeré tí mo fi ń ṣiṣẹ́ gíláàsì nílé, mo ń mú un gbóná díẹ̀díẹ̀, mo ń tẹ́tí bóyá yóò sán. Ẹ̀rù bà mí, torí mo mọ̀ pé iṣẹ́ odidi ọdún kan rẹ ni. Kò sán. Mo fi iná lẹ ìka karùn-ún mọ́ ọn, mo sì jẹ́ kó rọra tutù. Ìyá rẹ ń bínú sí mi láti ìgbà náà, ó ní mo ti ba iṣẹ́ ọmọ jẹ́, pé o lè má wá sílé fún Kérésì mọ́.

Jọ̀ọ́, fi owó gáàsì díẹ̀ ránṣẹ́, ìka yẹn ló mu èyí tó kù. Kí Olúwa má jẹ́ kí iṣẹ́ rẹ fọ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá rà á. Tí wọ́n bá ní kí o gé ìka náà kúrò, má gbà fún wọn. Oṣù tó ṣáájú ìbí rẹ ni ẹ̀rọ agégíláàsì gé tèmi, nítorí náà o kò rí i rí. Bí ọwọ́ bàbá rẹ ṣe rí tẹ́lẹ̀ nìyẹn.

Èmi ni bàbá rẹ,
Oldřich.