Ìṣísẹ̀ Mọ́kànlélógún

Bàbá wa, Agùntáṣọọ́lò, ọdún márùn-ún rèé tí ẹ ti fi wá sílẹ̀. Ọdún márùn-ún! Iná ìlú ń tàn. Omi ń yọ. Gáàsì ń jó lábẹ́ ìkòkò Màmá. Kò sí èyí tó dáwọ́ dúró, Bàbá, kò sí!

Ẹ̀rọ kan ṣoṣo lẹ fi bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn ilé ìlọta, tó ń tan gílóòbù méjìlá tó sì ń wúkọ́ bí arúgbó. Ẹ ri páìpù omi mọ́lẹ̀ lọ́dún tí wọ́n bí mi, ẹ ri ti gáàsì lọ́dún tí mo jáde ìwé. Ibi tí ẹ ri gbogbo wọn sí, inú orí yín ló wà, àti inú ìwé pélébé kan báyìí.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Ọdún kejì tí ẹ lọ, páìpù ńlá bẹ́ níwájú ilé ìwé, títì di odò. Ẹ kọ ọ́ pé fáàfù tó ń sé omi náà wà ní ìṣísẹ̀ mọ́kànlélógún sí igun ṣọ́ọ̀bù télọ̀. Mo ka mọ́kànlélógún, a gbẹ́lẹ̀, òkúta la bá. Mo tún un kà, òkúta náà ni. Alága ìgbìmọ̀ ìlú ní bí ilẹ̀ bá ṣú tí omi ò dúró, òun á gbé gbogbo iṣẹ́ náà fún ilé iṣẹ́ ńlá kan láti ìlú míì. Iṣẹ́ ogójì ọdún yín! Mo sunkún lójú gbogbo ayé.

Màmá dé, ó wo ihò méjèèjì, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹsẹ̀ ta lo fi kà á? Ṣé ẹsẹ̀ kúkúrú tí o jogún lára mi yìí náà ni?"

Háà! Ojú tì mí o. Àbíkẹ́yìn yín obìnrin, tí ẹ máa ń yọ lẹ́nu pé ó ń fi orí kan àtẹ́rígbà, ló ká yẹ̀rì sókè. Ó káwọ́ sẹ́yìn, ó rìn bíi yín gẹ́lẹ́, ó ka mọ́kànlélógún. A gbẹ́lẹ̀, ṣọ́bìrì kan irin, gbàn-ún! Oòrùn ò tíì wọ̀ tí omi fi dúró. Alága ṣí fìlà. Télọ̀ pariwo pé Agùntáṣọọ́lò ti padà dé!

Láti ìgbà náà, àbúrò mi ti fi ẹsẹ̀ rẹ̀ rin gbogbo ìlú, èmi ń fi téèpù wọ̀n ọ́n tẹ̀ lé e. Àwòrán ilẹ̀ náà wà lára ògiri ọ́fíìsì yín. A ti kọ́ ilé ẹ̀rọ omi tuntun tí ẹ ń lá lálàá rẹ̀, ó lórùlé, ó ní fèrèsé mẹ́fà. Wọ́n ní bí iná bá kú a fi eérú bojú. Ẹni tó sọ ọ́ ò mọ̀ yín. Iná tiyín ò kú!

Bàbá, àárò yín ń sọ wá. A nífẹ̀ẹ́ yín dọ́la. Bí mo bá ti kọjá níbi ṣọ́ọ̀bù télọ̀, mo ṣì máa ń kà á. Mọ́kànlélógún ni tiyín. Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni tèmi, ṣùgbọ́n mò ń dé ibẹ̀.