Orúnkún tí Mo Fi Pa Mọ́ fún Yín

Bàbá mi àtàtà,

Ó pé ọdún kan lónìí tẹ́ ẹ ti fi wá sílẹ̀. Inú yàrá yín n'Íjẹ̀bú-Òde ni mo ti ń kọ ìwé yìí. Mo ti wọṣọ tán, àmọ́ mi ò tíì jáde. Màmá Àgbà, ẹ̀gbọ́n yín, ń pariwo ní pálọ̀ pé ìsìn ò ní dúró dè wá. Ìsìn ìdúpẹ́ yín ni, èmi àkọ́bí ni màá sì ṣáájú ẹbí jó dé iwájú pẹpẹ. Bàbá, mi ò lè jó o! Orúnkún òsì mi ti bàjẹ́.

Ṣé ẹ rántí bẹ́ ẹ ṣe máa ń ṣàlàyé iṣẹ́ mi fáwọn ará ibí? Ẹ ó ní ọmọ tẹ́ ẹ bí sí Estóníà nígbà tẹ́ ẹ lọ kàwé ń fi bàtà onírin jó lórí yìnyín, irú yìnyín táwọn ẹlẹ́ja ń kó sórí ẹja, pé wọ́n kàn tẹ́ yìnyín náà sílẹ̀ bíi pápá bọ́ọ̀lù ni. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, inú yín á dùn. Kò sí ìdíje tí mo lọ tẹ́ ò gbàdúrà fún mi lórí fóònù. Àdúrà kan náà ni: mi ò ní ṣubú. Màá sì ṣe àmín kíkankíkan.

Háà, Bàbá, ohun tí kóòṣì kọ́kọ́ kọ́ wa ni bá a ṣe ń ṣubú. Mo ti ń ṣubú kí n tó mọ̀wé kà. Itan mi dúdú bí ìdí ìkòkò. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ fún yín lẹ́yìn gbogbo àmín yẹn? Níbi ìdíje tó kẹ́yìn, mo fò sókè, orúnkún ni mo fi balẹ̀, ó sì dún pọ́. Bí mo ṣe fiṣẹ́ náà sílẹ̀ nìyẹn. Mo purọ́ fún yín pé ó ti sú mi ni, mo sì bẹ ìyá mi, tí èmi àti wọn jọ ń gbé ní Estóníà, kí wọ́n má sọ. Lẹ bá lọ jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ọmọ yín ṣeré náà láti kékeré, kò ṣubú rí. Màmá Àgbà ti tẹ ẹ̀rí yẹn sínú ìwé ìsìn tòní.

Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòtítọ́ á bá a. Ṣé kí n jó, kí n wá ṣubú lójú ìjọ? Àbí kí n jókòó, káyé ní mi ò ka bàbá mi sí? Kí ló dí mi lẹ́nu nígbà tẹ́ ẹ wà láyé? Ẹ jẹ́ kí n lọ bá Màmá Àgbà.

Mo ti dé o. Mo ká aṣọ sókè, mo fi orúnkún hàn wọ́n, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Ẹ mọ ẹnu ẹ̀gbọ́n yín, mo ti ń retí èébú. Wọ́n wò ó títí. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n bi mí: bí mo bá ṣubú, ta ló ń gbé mi dìde? Mo ní kò séèyàn. Lórí yìnyín, ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn wá. Èèyàn á dá dìde ni, orin á ṣì máa lọ.

Omi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní Estóníà nìyẹn, Ìjẹ̀bú nìyí. Àwọn á di apá mi mú títí dé pẹpẹ, ẹni tó bá fẹ́ wò kó wò. Wọ́n ti so ìborùn mọ́dìí, wọ́n sì na apá sí mi lẹ́nu ọ̀nà.

Bàbá, mo ṣubú. Mo ṣubú láìmọye ìgbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí.

Èmi ni,
ọmọ yín tó fẹ́ràn yín dọ́ba.