Ẹ̀wà Tí Mo Yọ Nínú Kọ́bọ́ọ̀dù

Mojísọ́lá ọmọ mi,

Ṣé o wà dáadáa ní Hamburg? Ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ńkọ́, òtútù ńkọ́? Ọlọ́run tó mú ọ débẹ̀ yóò mú ọ padà wá bá wa ní Berlin láyọ̀. Ara mi le, Fisáyọ̀ ọmọ rẹ náà ń jẹun, àfi pé bí mo bá bá a sọ Yorùbá, German ló fi ń dá mi lóhùn.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí o gbọ́ lẹ́nu mi. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo ń wá iyọ̀, mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ni mo bá rí ẹ̀wà kan nínú ife, lórí òwú tútù, nínú òkùnkùn biribiri. Ó ti hù, ó ga, ṣùgbọ́n ó funfun bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde àìsàn. Èkejì rẹ̀ sì wà lójú fèrèsé, ó tutù yọ̀yọ̀. Mo ní kí ni èyí ṣẹ̀ tí wọ́n fi tì í mọ́lé? Èmi tí mo ti ń dáko láti kékeré, n kò lè rí ẹ̀wà nínú ìyà kí n máa wò ó. Mo gbé e lọ bá èkejì rẹ̀.

Àṣé iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì ni. Tíṣà ló ní kí wọ́n fi ọ̀kan sínú òkùnkùn, kí wọ́n gbé méjèèjì wá lọ́jọ́ Jímọ̀ láti wo ìyàtọ̀. Nígbà tí Fisáyọ̀ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù ní Ọjọ́bọ̀ tí kò bá nǹkan kan níbẹ̀, ó sunkún, “Opa”, bàbá àgbà tó máa ń pè mí ní German, nìkan ni mo gbọ́ nínú ohun tó ń sọ. Bukky tó ń dirun nísàlẹ̀ ilé ló túmọ̀ rẹ̀ fún mi, pé ọmọ náà ní ojú á ti òun lọ́la, gbogbo kíláàsì á ní nǹkan láti fi hàn, òun nìkan kò ní ní.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo wọ bùbá mi, mo tẹ̀lé e dé ilé ìwé lọ jẹ́wọ́. Tíṣà kò bínú, ó ní kí n sọ ohun tí mo rí. Mo ní ó funfun lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó ń mú àwọ̀ ewé bọ̀ lọ́jọ́ kejì, nígbà tó fi di ọjọ́ kẹta ó ti ń na orí sí gíláàsì. Fisáyọ̀ ló ń túmọ̀ rẹ̀ fún wọn, àṣé gbogbo Yorùbá mi ló ń gbọ́ láti ọjọ́ yìí. Tíṣà ní kó kọ ọ́ sílẹ̀, pé ti àwọn yòókù fi hàn pé òkùnkùn ń gba àwọ̀, tirẹ̀ nìkan ló fi hàn pé ìmọ́lẹ̀ lè dá a padà. Bí a ṣe ń padà bọ̀ wálé, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, ẹ ṣeun, bàbá àgbà.

Òwú kò lè bọ́ wọn mọ́ báyìí, erùpẹ̀ ni wọ́n ń fẹ́. Mo fẹ́ bu díẹ̀ lábẹ́ igi lójú pópó, Bukky ní kí n má dán an wò, pé inú ọ̀rá ni wọ́n ti ń ta erùpẹ̀ níbí. Nítorí náà, jọ̀ọ́, fi owó erùpẹ̀ ránṣẹ́, má sì jẹ́ kí wọ́n gbọ́ nílé pé Àjàní ra erùpẹ̀. Bí àyè bá wà, mú owó náà wá fúnra rẹ ní Sátidé. Tíṣà ní ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá wà ni ewéko ń kọjú sí. Mo ti ń ṣọ́ Fisáyọ̀: ẹnu ọ̀nà ló ń kọjú sí.

Ibi tí o bá forí lé, ilẹ̀ á mọ́ fún ọ.

Èmi bàbá rẹ,
Àjàní