Orin Ìyá Mi Lẹ́nu Wándé

Peckham,
London.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹfà.

Adépéjú mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí bàbá àwọn ọmọ, mo sì kí àwọn ọmọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo mọ̀ pé orúnkún rẹ kò fẹ́ràn òjò, òjò sì ti dé bá yín ní Ṣakí. Kí Olúwa fún un lókun, kó má jẹ́ kí o fi ọ̀pá rìn kí n tó dé láti wá bá ọ rìn. Ní tèmi, ara le. Ẹsẹ̀ ló ń ro mí díẹ̀díẹ̀ nítorí iṣẹ́ ọsibítù tí a ń fi ìdúró ṣe, ṣùgbọ́n mò ń jẹ, mò ń sùn, mo sì ń bínú dáadáa, èyí tó fi hàn pé ẹ̀mí mi ṣì wà níbẹ̀.

O ti bi mí lẹ́ẹ̀mẹta lórí fóònù pé ibo ni ọ̀rọ̀ èmi àti Wándé dé. Irú ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí fóònù, ìwé ló gbà á. Ìwọ lo fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lọ́dún tó kọjá tí o ní, "Èyítáyọ̀, ṣé kì í ṣe ohun tí o ń kùn sí mi létí lọ́jọ́ tí a sin Màmá nìyí?" Ìwọ lo di fóònù mú lẹ́bàá sàréè kí n lè rí bí wọ́n ṣe ń sọ ìyá mi kalẹ̀, nítorí pé ìwé ìgbélùú mi kò tíì jáde, bí mo bá sì kúrò níhìn-ín, wọn kò ní jẹ́ kí n padà wọlé. Mo kàn ń kùn sínú fóònù lọ́jọ́ náà. Ohùn kan ṣáá ló ń jáde lẹ́nu mi láìní ọ̀rọ̀ nínú, ìwọ nìkan lo sì gbọ́ ọ. Ìwọ ni ẹlẹ́rìí mi, ìwọ ló sì tọ́ kí n ro ẹjọ́ ara mi fún.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ nípa Perla. Agbẹ̀bí ni, Júù ni, akọrin sì ni, ọsibítù kan náà ní Camberwell ni a jọ ń ṣiṣẹ́. Mò ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì lọ́jọ́ kan, mò ń kun orin yẹn, ó sì dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn títí mo fi parí. Ó ní irú orin tí kò ní ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ pọ̀ láàárín àwọn, nígùn ni wọ́n ń pè é, pé àwọn bàbá àwọn a máa kọ ọ́ nídìí tábìlì títí oúnjẹ á fi tutù. Ó tún ní ó jọ pé tèmi ṣì ku apá kan, nítorí pé nígùn tó pé máa ń ní ibi tó ti ń gòkè. Mo délé, mo jókòó ti kíbọ́ọ̀dù, apá kejì sì jáde. Apá kìn-ín-ní ni ọjọ́ ìsìnkú. Apá kejì ni ìyá mi nígbà tó ṣì ń rẹ́rìn-ín.

Báyìí ni mo ṣe di ẹni tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù nínú ẹgbẹ́ orin Perla. Obìnrin nìkan ló ń kọrin níbẹ̀, obìnrin nìkan ló sì ń gbọ́ ọ, nítorí pé àwọn Júù tó di ẹ̀sìn wọn mú ṣinṣin kì í jẹ́ kí ọkùnrin gbọ́ ohùn obìnrin tó ń kọrin. Má rò pé ibẹ̀ dákẹ́ o! Ní Golders Green, àdúgbò wọn, tí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn tán, tí wọ́n sì gba fóònù lọ́wọ́ gbogbo èèyàn, àwọn ìyàwó ilé tó ń rìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ níta á di ẹlòmíràn. Kẹ̀kẹ́ ọmọ á tò lọ bẹẹrẹ lẹ́bàá ògiri, wíìgì á yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àwọn ọmọge mọ gbogbo orin Perla lórí, títí kan ibi tó ti ń mí. Bó bá fo ẹsẹ kan, wọn á pariwo mọ́ ọn kó padà lọ kọ ọ́. Wọ́n á so ọwọ́ pọ̀, wọ́n á jó yípo títí ilẹ̀ á fi máa mì. "Táyọ̀ ti Peckham" ni wọ́n ń pè mí, ìyá àgbà kan kì í sì í wá láìmú bísíkíìtì dání fún mi nínú ọ̀rá.

Wọ́n ní àṣà kan tó wọ̀ mí lára. Kí wọ́n tó kọ irú orin bẹ́ẹ̀, wọ́n á pe orúkọ òkú tí a torí rẹ̀ ṣe é, gbogbo gbọ̀ngàn á sì dáhùn. Perla ṣèlérí pé níbi eré ńlá wa ní ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, òun á pe Rosaline Àbẹ̀kẹ́. Ìyá mi tí n kò lè sin, Péjú, igba obìnrin ni yóò dáhùn orúkọ rẹ̀. Ìyẹn nìkan ni mo ń fẹ́ láyé yìí.

Wàyí o, Wándé. Ọmọ ọdún méjìlélọ́gbọ̀n, olórí akọrin ìjọ wa, ẹni tó gé irùngbọ̀n bí ẹni fi rúlà fà á. Ó fẹ́ràn orin àwọn Júù débi pé ó ń da aṣọ ìborùn àdúrà wọn lé orí jíǹsì, ó sì ń fọn ìwo àgbò nínú ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ tí a fi ṣe ilé ìjọsìn, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ Júù kankan rí. Mò ń dán apá kìn-ín-ní orin náà wò lórí kíbọ́ọ̀dù ìjọ lẹ́yìn ìsìn, ó dúró sẹ́yìn mi pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Oṣù méjì lẹ́yìn náà ni fídíò jáde. Ó fi ọ̀rọ̀ Hébérù mẹ́ta tó rí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì sí i, ó dúró láàárín koríko Peckham Rye, ó sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé ojú àlá ni orin náà ti sọ̀ kalẹ̀ sórí òun.

Mo lọ bá a. Ó ní, "Aunty Èyí, relax. Ṣé ẹ ní receipt ni?" Mo lọ bá Pásítọ̀, wọ́n ní, "Sister, orin Olúwa ni, kò sẹ́ni tó ni í." Ní ọ̀sẹ̀ kejì Wándé yọ mí nídìí kíbọ́ọ̀dù, ó ní kí n lọ máa ran àwọn ìyá lọ́wọ́ nínú yàrá ọmọ-ọwọ́. Mò ń pààrọ̀ pámpásì, mò ń gbọ́ orin ìyá mi láti inú ògiri, tí ìjọ ń ké halelúyà sí i. Wọ́n ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Èmi ni mo sì ń kó o ní ti gidi nínú yàrá yẹn, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, fún oṣù mẹ́sàn-án.

Nígbà tó di oṣù kẹrin ọdún yìí, ojú kò tì í, ó wá bá mi. Ó fẹ́ ṣe eré kan tó pè ní "Jerusalem Night", kí àwọn Júù gidi wá jókòó síwájú kí wọ́n gbọ́ òun, èmi nìkan sì ni mo mọ̀ wọ́n. Ó ní, "Aunty, Friday ni mo ń rò o, eight p.m. Sabbath wọn ni, nobody's working, gbogbo wọn máa free. Àbí?" Péjú, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ahọ́n mi mì. Tí oòrùn bá ti fẹ́ wọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, wọn kì í wọ ọkọ̀ mọ́, wọn kì í tan iná, wọn kì í fọwọ́ kan ohun èlò orin. Ilé lẹ́nu tábìlì ni olúkúlùkù wọn ń wà. Gbólóhùn kan péré ni mo ní láti sọ. Mo wò ó lójú, mo ní, "Wándé, kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tí yóò lọ síbi iṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà." N kò purọ́. Ó dì mọ́ mi, ó ní, "God bless you, Aunty." Mo ní àmín.

Ó fún mi ní ìdì ìwé ìpè kan kí n bá òun pín in fún wọn. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ni mo tì í sí. Tí mo bá ń gbálẹ̀, tí ọwọ̀ bá kàn án, inú mi á dùn.

Oòrùn oṣù karùn-ún ṣì wà lókè lọ́jọ́ náà. Wándé ti to ọgọ́rùn-ún àga síwájú, ó fi aṣọ funfun bò wọ́n, ó lẹ "Reserved" mọ́ wọn lẹ́yìn, ó sì pàṣẹ pé kí ọmọ ìjọ kankan má ṣe jókòó síbẹ̀. Àwọn ìyá ìjọ ti se mọ́ínmọ́ín, edé kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Àwọn Júù kì í jẹ edé. Mo rí i, mo tún pa ẹnu mi mọ́. Mo wọ léèsì aláwọ̀ àlùkò mi, mo jókòó lẹ́yìn àwọn àga funfun náà gan-an, níbi tí mo ti lè rí ojú rẹ̀ dáadáa.

Aago mẹ́jọ kọjá, ẹnì kan kò wọlé. Ó bọ́ sẹ́nu ọ̀nà, ó fọn ìwo, ó ní bóyá wọ́n ti ṣìnà. Nígbà tó di aago mẹ́sàn-án, àwọn èèyàn ti ń dìde. Ọ̀kan ní iṣẹ́ ń dúró de òun, òmíràn ní ọmọ ń sùn. Oníjìtá kó jìtá rẹ̀ sápò. Nígbà tí Wándé máa fi kan orin ìyá mi, a kò ju méje lọ. Ó kọ apá kìn-ín-ní, ó tún un kọ, ó tún un kọ nígbà kẹta, nítorí pé apá kìn-ín-ní nìkan ló jí. Kó tó parí, ó ku èmi nìkan. Òógùn ń ṣàn wọ irùngbọ̀n rúlà yẹn. Ọjọ́ gbogbo ni tolè, ọjọ́ kan ni tolóhun, mo sì jẹ ọjọ́ mi dé egungun. N kò ní sọ fún ọ pé ó korò lẹ́nu mi. Ó dùn, Péjú. N kò dìde títí ó fi pa iná, mo sì gbé mọ́ínmọ́ín méjì lọ sílé.

Ohun tí n kò rò ló wá ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e. Wándé gun pèpéle láìsí aṣọ ìborùn kankan lára rẹ̀. Ó ní gbogbo èèyàn ló fi òun sílẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, ẹnì kan ṣoṣo ló jókòó ti òun dópin, ẹni tí òun sì ṣẹ̀ jù nínú ìjọ ni. Ó nawọ́ sí mi. "Orin Aunty Èyí ni. I stole it. Síbẹ̀, wọ́n bá mi jókòó." Ìjọ pàtẹ́wọ́, Pásítọ̀ dì mọ́ mi, wọ́n dá mi padà sídìí kíbọ́ọ̀dù. Ọmọ náà rò pé mo jókòó láti tu òun nínú ni! Ẹ̀san tí mo sè fún un, ó jẹ ẹ́, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó sè é. Inú bí mi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun mo gbé ìtàn náà dé ọ̀dọ̀ Perla, mo rò pé yóò bá mi rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ìyá-ìyá òun tan àbẹ́là ọjọ́ Ẹtì níbi tí wọ́n ti lè pa á nítorí rẹ̀, pé Sábáàtì yẹn ni ohun tó ṣọ̀wọ́n jù tí ẹbí òun fi sílẹ̀ fún òun, èmi sì ti sọ ọ́ di pàṣán. Ó ní ká ní mo ti ké sí òun ni, òun fúnra òun ì bá wá bi Wándé lójú gbogbo èèyàn pé ta ni wọ́n torí rẹ̀ ṣe orin náà. Lẹ́yìn náà ló sọ èyí tó gún mi: "N kò lè pe orúkọ ìyá rẹ bí ọ̀rọ̀ ṣe wà yìí. Lọ sọ òtítọ́ fún ọmọkùnrin náà kí ọjọ́ eré tó pé. Bí o bá ti sọ ọ́, màá pè é."

Ó ti pé ọjọ́ méjìlá báyìí, n kò tíì sọ ọ́. Mo pàdé Wándé lẹ́ẹ̀mejì ní Rye Lane, ó gba iṣu lọ́wọ́ mi, ó sì rù ú dé ẹnu ọ̀nà mi. Bí mo bá sọ̀rọ̀, àwọn tó pàtẹ́wọ́ fún mi á pè mí ní ìkà. Bí n kò bá sọ, a ó kọ orin náà láìní orúkọ, bí òkú tí kò lẹ́bí. Ọkàn mi ṣì ń sọ pé ó tọ́ sí Wándé, bí ọjọ́ yẹn bá sì tún padà wá, n kò mọ̀ bóyá màá lanu. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ni mo ti ṣàìsí níbi ìsìnkú ìyá mi. Ṣé kí n tún ṣe é lẹ́ẹ̀kejì?

Kí Ọlọ́run bá mi tọ́jú rẹ. Kí ohun tí o fi omijé kó jọ má bọ́ sọ́wọ́ olè, kí àwọn ọmọ rẹ mọ orúkọ rẹ pè nígbà tí ó bá yẹ, kí òjò Ṣakí rọ̀ tura. Bá mi tu koríko orí ibojì Màmá.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ láti ìdí kànga ilé-ìwé wa,
Èyítáyọ̀.

Àfikún: Lẹ́tà yìí ṣì wà lọ́wọ́ mi tí eré fi kọjá. Ní Ọjọ́rú mo yọ ìdì ìwé ìpè Wándé lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo gbé e lé e lọ́wọ́ tòun ti eruku. Mo ní, "Mo mọ̀ pé wọn kò ní wá. Mo mọ̀ láti ọjọ́ tí o ti bi mí. Mo jókòó kí n lè rí ojú rẹ ni." Ó fọwọ́ nu eruku orí ìwé náà. Ó ní, "Aunty, that's wicked." Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Tìrẹ ńkọ́?" Láti ọjọ́ náà, kò bá mi ru iṣu mọ́. Perla pe orúkọ náà, ó pe Àbẹ̀kẹ́ bí ọmọ Ṣakí. Igba obìnrin dáhùn, ìyá oníbísíkíìtì sunkún, a sì gòkè lọ sí apá kejì. Lánàá Wándé kọ̀wé sórí fóònù mi. Ó ní òun gbọ́ pé orin náà ní apá kejì, pé jọ̀ọ́, Aunty, kí òun gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan péré. Mo dá a lóhùn pé ọkùnrin kì í gbọ́ ọ. N kò purọ́.