Ìpara Rẹ àti Orúnkún Mi

Ràbíátù,

Mo ti lọ sọ́jà Ìkọ̀tún. Má wá ìpara tí o fi ń bó ojú kiri, mo ti dà á sí ṣáláńgá. Mi ò wọ awò, mo rò pé àbọ́níkì ni, ni mo bá ń fi ra orúnkún láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Lánàá tí mo jókòó síta, oòrùn kan orúnkún ọ̀hún, ó ta mí bí ata, mo fò bí ewúrẹ́! Ṣé òun lo ń fi pa ojú lọ gbá títì Ẹ̀gbẹ́dá lọ́sàn-án gangan?

Òrí àti àkẹtẹ̀ mi wà lórí tábìlì. Fi òrí pa ojú, kí o dé àkẹtẹ̀. Bí àwọn tí ẹ jọ ń gbálẹ̀ bá fi ọ́ rẹ́rìn-ín, ní kí wọ́n wá wo orúnkún mi tó ti bó pupa. Òyìnbó kan ti tó wa nínú ilé yìí jàre.

Ìyá àgbà rẹ