Àlùmọ́gàjí Àjàrà

Bàbá mi,

Ẹ kú ojú lọ́nà. Ara mi le, iṣẹ́ sì ń lọ dáadáa ní Alsace níbí. Àárín oko àjàrà ni mo máa ń wà láti òwúrọ̀ dalẹ́. Ti àlejò tí mò ń kó kiri lórí kẹ̀kẹ́ yìí, fúngbà díẹ̀ ni, títí ilé wáìnì á fi tún pè mí.

Ẹ ò rí wọn, Bàbá. Ṣòkòtò lẹ̀ mọ́ wọn nídìí bí awọ ọ̀pọ̀lọ́. Kẹ̀kẹ́ wọn ní bátìrì, síbẹ̀ wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ lórí òkè tí àwọn ìyá àgbà ń gùn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Lánàá, a yà sọ́dọ̀ Gaspard, àgbà ọlọ́tí kan, kí wọ́n tọ́ wáìnì wò. Ó gbé garawa síwájú wọn kí wọ́n máa tu ú sí i kí ọtí má baà pa wọ́n, bí a ti ń ṣe nínú oko àjàrà wa nílé. Ọ̀gbẹ́ni Thibaud, ọ̀kan nínú àwọn àlejò náà, gbé tiẹ̀ mì.

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ tu ú dànù, ọ̀nà ṣì jìn."

"Ṣé ọmọdé ni mí ni?"

Gaspard bù kún un. "Ẹ máa mu ún nígbà náà. Kòtò ò jìnnà."

A ò tíì rìn jìnnà tí Thibaud fi já sínú kòtò tòun ti kẹ̀kẹ́, àárín èsìsì ló bọ́ sí. Wọ́n ní èsìsì kì í jóni lẹ́ẹ̀mejì. Nínú kòtò yẹn, ó jó Thibaud níwájú, ó jó o lẹ́yìn. Mo ń fà á jáde, ó ní ọ̀nà wa ni ò dáa. Ó wá wò mí.

"Ìwọ, ṣé o tiẹ̀ ti fọwọ́ kan igi àjàrà rí?"

Mo ní, "Rárá, ọ̀gá." Ta ló ń bá òmùgọ̀ jiyàn?

Ẹ bá mi kí Màmá. Ẹ sọ fún wọn pé àlùmọ́gàjí tí wọ́n fún mi láti máa fi gé ẹ̀ka àjàrà ṣì mú. Ojoojúmọ́ ni mo fi ń gé ọ̀rá bisikíìtì àwọn ọ̀gá.

Solène yín