Ebè Lásísì

Àlàmísì, lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́

Èmi tí mo fi ọkọ́ kan kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹ̀rù kì í bà mí. Ṣùgbọ́n ó bà mí lónìí.

Èmi ni mo bẹ ọ̀wẹ̀ fún Lásísì, ṣọ́jà tó ti ogun dé, kí ìyàwó rẹ̀ lè rí iṣu jẹ. Ká dé oko, òun àti ìyàwó rẹ̀ ti wà níbẹ̀, ó ti kọ ebè sílẹ̀. Gbogbo rẹ̀ gùn bí ẹni tó sùn.

Lásísì ní, "Baba, ẹ rọra tẹlẹ̀. Músá nìyí. Sọ́ńdè nìyí."

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó kú sójú ogun ni.

"Ti ìkẹyìn yẹn ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ ò rí i pé ó gùn tó mi ni?"

Mo mú èbù tó tóbi jù, mo gbìn ín síbẹ̀. "Lásísì, ìwọ lo máa wa iṣu yìí fún mi."

Ìyàwó rẹ̀ nìkan ló ṣe àmín.